Pákó Tí Kò Ní Igun

Igun mẹ́rin ni pákó máa ń ní, ṣùgbọ́n Má-sáré kì í jẹ́ kí tirẹ̀ ní ẹyọ kan. Bí káfíńtà àdúgbò bá ti gé pákó pẹlẹbẹ fún un tán, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì, tí ìbú rẹ̀ kò sì ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ, Má-sáré yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà, yóò fi pépà tí a fi ń ha pákó ha igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí wọn yóò fi rí roboto bí èékánná. Lẹ́yìn náà ni yóò tó kun ún ní funfun, tí yóò sì ya àwòrán sí i. Ó ti ṣe èyí fún ọdún mẹ́fà, lórí pákó tí ó lé ní igba, kò sì sí ẹni tí ó mọ ìdí rẹ̀. Òun alára kò mọ̀ ọ́n.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni káfíńtà máa ń wí, “ẹ jọ̀ọ́, kí ni igun ṣe fún yín? Férémù onígun mẹ́rin ni mo kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Bí mo bá fi àwòrán yín sínú rẹ̀, àlàfo á yọ níhìn-ín, á yọ lọ́hùn-ún, bí ẹnu tí eyín ti ká.”

“Bí igun bá wà níbẹ̀, àwòrán kì í jókòó dáadáa lójú mi.”

“Ó dáa. Ẹ máa ha á lọ. Ọjọ́ kan ni ẹ óò ha pákó tán tí yóò ku ìka yín.”

Iṣẹ́ ọkọ̀ ni ó sọ ọ́ ní Má-sáré. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ó fi wa ọkọ̀ akẹ́rù, tí ó ń kó sìmẹ́ǹtì láti ilé iṣẹ́ tí a ti ń ṣe é lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú omi, kò sì pa adìẹ kan rí. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ rẹ̀, kí ó tó kí i tán ni yóò ti gbọ́ pé, “Jókòó dáadáa, n kì í sáré o.” Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ìgbín bá fẹ́ kọjá lára ọkọ̀ rẹ̀, kí ìgbín náà rọra, nítorí ọlọ́pàá ń bẹ níwájú. Orúkọ náà mọ́ ọn lára bí awọ. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ní kí ó lọ sinmi, òun ni ó bá a délé.

Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní àwòrán yíyà. Ìyàwó rẹ̀ ni ó ni ọ̀dà. Obìnrin náà a máa gbin òdòdó sínú agolo mílíìkì lẹ́bàá ògiri, a sì máa kun agolo kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀. Nígbà tí ó ṣaláìsí, Má-sáré bá túùbù ọ̀dà mẹ́ta nínú àpótí ìránṣọ rẹ̀, pupa, yẹ́lò, àti àwọ̀ aró, tí a ti lò dé ìdajì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí ó tó rántí pé òdòdó a máa mu omi. Nígbà tí ó rántí, agolo mẹ́rin péré ni ohun inú rẹ̀ ṣì wà láàyè. Ẹ̀rù bà á. Ó bomi rin wọ́n, ó wá mú ìdérí àpótí kan tí ó ti já, ó ya òdòdó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i kí àwọn náà má baà lọ láìdágbére. Àwòrán náà kò dára. Òdòdó rẹ̀ jọ ẹyin tí ó fọ́ sínú àwo. Ṣùgbọ́n ó parí rẹ̀, ó gbé e kọ́ ògiri, ó sì lọ wá pákó mìíràn.

Òdòdó ni ó ṣáájú, ọ̀nà ni ó tẹ̀lé e. Ó ya ibi tí ọ̀nà ti sọ̀ kalẹ̀ sínú àfonífojì tí kùrukùru kì í tètè ká. Ó ya pápá tí iná jó ní ọjọ́ tí táyà rẹ̀ bẹ́. Ó ya òkè olókùúta mẹ́ta tí àwọn awakọ̀ ń pè ní Ìyàwó Olórogún. Lẹ́yìn pákó kọ̀ọ̀kan ni ó ń kọ oṣù àti ọdún tí ó rí ohun náà sí, àti ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì: “òjò dá”, “ebi ń pa mí”, “ọjọ́ tí a bí ọmọ”. Òfin kan ṣoṣo ni ó fi lé ara rẹ̀ lọ́wọ́: ohun tí ojú rẹ̀ kò bá rí, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ yà á. Ẹnìkan bẹ̀ ẹ́ nígbà kan pé kí ó ya òkun fún òun, ó ní ibùdó ọkọ̀ ojú omi ni òun dé, òun kò yọjú wo òkun, nítorí ilé ẹrù gíga ni ó dínà.

Ọ̀dà tí wọ́n ń pè ní àkírílíìkì ni ó ń lò. Omi ni a fi ń pò ó, kì í sì í dúró de ọ̀lẹ. Kí ènìyàn tó sín lẹ́ẹ̀mejì, ó ti gbẹ lórí àwo. Bí ó bá sì gbẹ, àwọ̀ rẹ̀ a ṣú ju bí ó ti wà ní tútù lọ, tí sánmà òwúrọ̀ yóò fi di ti ìrọ̀lẹ́ lójú ẹni tí ó yà á. Ó tó ọdún kan kí Má-sáré tó mọ̀ pé kí òun pò ó kí ó mọ́lẹ̀ ju ohun tí òun ń fẹ́ lọ, kí òun sì ní sùúrù. Èyí kò ṣòro fún un. Sùúrù ni ó fi jẹun láyé.

Ọmọ kan ṣoṣo ni ó bí, obìnrin, tí ó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú ńlá tí ó jìnnà ní ìrìn ọkọ̀ wákàtí mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ tí ìyá Má-sáré kú ni a bí ọmọ náà, nítorí náà “Ìyá mi” ni bàbá rẹ̀ ń pè é láti inú ọ̀já. Ó ti di ẹ̀rín fún gbogbo àdúgbò: arúgbó tí ń pe ọmọ rẹ̀ ní ìyá, àti ọmọ tí ń bá bàbá rẹ̀ wí bí ẹni pé òun ni ó bí i ní tòótọ́.

Nọ́ọ̀sì a máa wá ní ìparí oṣù. Ní oṣù kan, ó dé, ó bá ìkòkò lórí iná, omi rẹ̀ ti gbẹ, ẹyin inú rẹ̀ ti dúdú bí èédú. Má-sáré wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń sáré ya ìkùukùu kan kí ó tó kọjá. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, wọ́n jọ jókòó, bàbá ń ya òdòdó, ọmọ ń ká aṣọ.

“Bàbá, kí ni ẹ mu yẹn?”

“Tíì ni.”

“Tíì aláwọ̀ ewé?”

Má-sáré wo inú ife ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ife kejì, níbi tí búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ dúró ṣánṣán sí nínú tíì àti mílíìkì. “Ó ti ń ṣe mí bí ẹni pé ṣúgà rẹ̀ kò tó,” ni ó wí.

Ọmọ kò rẹ́rìn-ín. Ó fọ ife méjèèjì, ó jókòó tì í. “Bàbá mi, níbi iṣẹ́ wa, ẹ̀ẹ̀kan ni èèṣì. Ẹ̀ẹ̀mejì, a kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá di ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ óò wá máa gbé lọ́dọ̀ mi.”

Má-sáré mọ ibẹ̀. Àjà kẹrin ni, yàrá kan tí ibùsùn gbà tán, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri ilé ẹlòmíràn. Kò sí ibi tí ènìyàn lè ha pákó sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí ojú lè rí tí ọwọ́ yóò yà. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń ṣọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí ó ń kọjá níwájú ajá.

Ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò ni ẹ̀ẹ̀kẹta ti ṣẹlẹ̀. Wọ́n kun gbọ̀ngàn tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà, wọ́n sì ní kí Má-sáré, tí ó ń wá gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru níbẹ̀, fún àwọn ní àwòrán díẹ̀. Ó mú méje wá. Mẹ́fà jẹ́ òdòdó inú agolo. Ìkeje ni èyí tí ó fẹ́ràn jù, Abúlé Afárá: odò tí ó yà, afárá irin tóóró, ilé ìwé funfun gbọọrọ ní ọwọ́ òsì, igi ńlá kan ní ọwọ́ ọ̀tún, gbogbo rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ bí ẹni pé láti orí òkè ni a ti ń wò ó. Lẹ́bàá ọgbà ilé ìwé ni àmì yẹ́lò kékeré kan wà, tí kò ju orí ìṣáná lọ.

Káfíńtà ni ó bá a kàn wọ́n mọ́ ògiri. “Kí ni yẹ́lò yìí, ẹ̀gbọ́n?”

“Obìnrin kan ni. Kò sí ọjọ́ tí mo kọjá tí kò sí níbẹ̀, nínú aṣọ yẹ́lò. Mo máa ń juwọ́ sí i.”

“Fún ọdún mélòó?”

“Mọ́kànlá.”

“Tí ẹ kò sì sọ̀ kalẹ̀ kí i?”

“Ilé iṣẹ́ kò gbà kí a dúró nítòsí afárá. Ẹrù wa ti wúwo jù.”

“Ìfẹ́ tí kò rí ibi páàkì!” Káfíńtà rẹ́rìn-ín títí ìṣó fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, Nọ́ọ̀sì wá, ó mú bàbá rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Bí ó ti dúró lójú fèrèsé tí wọ́n ti ń fúnni lóògùn, tí Má-sáré jókòó sórí àga, obìnrin arúgbó kan wọlé pẹ̀lú ọ̀pá. Tísà ni tẹ́lẹ̀, gbogbo ènìyàn ni ó sì ń pè é ní Ìyá Tísà. Ó ti fẹ́ jókòó nígbà tí ojú rẹ̀ bọ́ sára ògiri. Ó rìn lọ síbẹ̀, ó na ìka sí i, kò fọwọ́ kàn án.

“Abúlé wa nìyí,” ó wí. Kò sí ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Ó dúró níbẹ̀ tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà ni iwájú orí rẹ̀ hunjọ. “Ta ni ó ya èyí?”

“Èmi ni, màámi.”

“Ẹ dé ibẹ̀ rí?”

“Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún ọdún mọ́kànlá.”

“Irọ́ ni.” Kò fi ìbínú sọ ọ́, bí ẹni tí ń máàkì iṣẹ́ ọmọ ilé ìwé ni ó sọ ọ́. “Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi kọ́ni níbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì gbogbo ni mo ń gun òkè yìí, tí mo ń wo abúlé láti ojú ibi tí ẹ ti yà á gan-an. Ọwọ́ ọ̀tún ni ilé ìwé wà. Ọwọ́ òsì ni igi wà. Odò kò yà sí apá ibí, apá ọ̀hún ni ó yà sí. Ẹ ti kó gbogbo ilé wa dà sí òdìkejì.”

“Òsì ni, màámi.”

“Ọ̀tún ni.”

“Mo ń gba iwájú rẹ̀ kọjá!”

“Èmi ń sùn sínú rẹ̀!”

Àwọn aláìsàn ti gbàgbé àìsàn wọn. Obìnrin kan tí ikọ́ ti ń yọ lẹ́nu láti àárọ̀ dákẹ́, kí ó má baà pàdánù ọ̀rọ̀ kan.

“Kí tilẹ̀ ni yẹ́lò yìí?” ni Ìyá Tísà bi í.

“Obìnrin kan ni, tí ó máa ń dúró síbẹ̀.”

“Obìnrin wo? Àgbá omi ilé ìwé wa nìyẹn! Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kùn ún.”

Ẹ̀rín bú. Má-sáré dìde, ó sì pariwo. Ó ní òun mọ ohun tí ojú òun rí, pé òun kì í ṣe òpùrọ́, pé ilé ìwé wà ní òsì, òsì, òsì! Kò sí ẹni tí ó gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Nọ́ọ̀sì yí padà lójú fèrèsé, àpò oògùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń wò ó.

Ìyá Tísà ni ó kọ́kọ́ rọlẹ̀. “Ẹ má bínú,” ni ó wí. “Nígbà tí ìjọba sé odò, omi gbé abúlé mì. Kò sí ẹni tí ó ya fọ́tò. Láti ọdún mẹ́tàlélógún, èyí nìkan ni mo rí, kò wá tọ́. Ìdí tí mo fi ń jà nìyẹn.” Nígbà tí Nọ́ọ̀sì bẹ̀ ẹ́, ó ya bí abúlé ti rí sẹ́yìn káàdì ìwòsàn kan: òkè, odò, afárá, igi ní òsì, ilé ìwé ní ọ̀tún.

Wọ́n já àwòrán náà bọ́ lára ògiri, wọ́n gbé e lọ sílé. Nígbà tí wọ́n jókòó, Nọ́ọ̀sì kò pariwo.

“Bàbá mi, ẹyin tí ó jó kò bà mí lẹ́rù tó báyìí. Tíì kò bà mí lẹ́rù. Ẹni tí ó bá gbàgbé, tí ó mọ̀ pé òun gbàgbé, kò tíì burú. Ẹni tí ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ bá dá lójú, tí ó ń fi í jà, irú wọn ni a máa ń gbà sí wọ́ọ̀dù wa.”

“Ìwọ náà gbà pé irọ́ ni mo ń pa?”

“N kò pè é ní irọ́. Mo ní ẹ ti ṣe tiyín. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu.”

“Èmi kò tíì ń wá ọmú.”

“Ẹ mu omi búrọ́ọ̀ṣì, ẹ kò wá ọmú.”

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí ọmọ rẹ̀ ti padà síbi iṣẹ́, Má-sáré mú pákó tuntun, ó gbé káàdì Ìyá Tísà sí iwájú, ó ní òun yóò ya abúlé náà bí wọ́n ti ní ó rí. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi odò. Nígbà tí ó fi máa gbójú sókè, ilé ìwé ti bọ́ sí ọwọ́ òsì. Ó fi funfun pa á rẹ́. Ó tún yà á. Ọwọ́ rẹ̀ gba ọ̀nà tí ó mọ̀. Ó ṣe é lórí pákó mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ilé ìwé jókòó sí òsì bí ẹni tí a bí síbẹ̀, tí igi sì dúró ní ọ̀tún. Ní ìgbà kẹta, ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ omi, ó rí i dájú pé omi ni, ó sì jókòó lásán.

Ohun tí ó dùn ún kọjá ọ̀rọ̀ òsì àti ọ̀tún. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Òun ti wo ẹ̀yìn, ẹ̀yìn kò sì sí níbi tí òun fi í sí. Bí abúlé tí òun rí ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ bá jẹ́ àlá, kí ni a óò pe àfonífojì oníkùrukùru? Kí ni a óò pe ọjọ́ tí a bí ọmọ, tí ó wà lẹ́yìn pákó kan pẹ̀lú oṣù àti ọdún? Igba pákó tí ó wà lára ògiri rẹ̀ ń wò ó, kò sì mọ èyí tí í ṣe òótọ́ nínú wọn mọ́.

Ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. “Ìyá mi,” ó wí, “máa bọ̀ wá mú mi.”

Nọ́ọ̀sì dé ní àárọ̀ Sátidé pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀ kékeré. Káfíńtà ti wà níbẹ̀, ó ń bá wọn kó àwòrán sínú páálí, kò sì rí àwàdà kankan ṣe. Bí ẹrù inú búùtù bá ti ń pọ̀ sí i ni ojú rẹ̀ ń rẹ̀wẹ̀sì. Àwọn agolo òdòdó mẹ́rin ni wọ́n kó fún un pé kí ó máa bomi rin wọ́n.

“Mélòó lójúmọ́, ẹ̀gbọ́n?”

“Ife kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Omi tó mọ́ o.”

“Mo gbọ́. N kò ní fún wọn ní tíì.”

Ó ku Abúlé Afárá àti káàdì Ìyá Tísà lórí tábìlì. Nọ́ọ̀sì fi káàdì náà sínú àpò rẹ̀. Ó gbé àwòrán náà fún bàbá rẹ̀ pé kí ó gbé e lé itan ní ojú ọ̀nà. Má-sáré mi orí. “Fi í sẹ́yìn. N kò fẹ́ kí ó máa wò mí lójú.” Ọmọ náà gbé e lé orí òkìtì aṣọ ìbora ní àga ẹ̀yìn, ó fi ìrọ̀rí tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó má ṣubú. Ó jókòó, ó ṣíná sí ọkọ̀.

Ẹnu ọ̀nà náà há. Ẹ̀yìn ni ènìyàn fi ń jáde níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbé ojú sókè wo dígí kékeré tí ó wà lókè, kí ó lè rí ibi tí ó ń lọ. Kò rí ibi tí ó ń lọ. Abúlé kan ni ó rí, ó kún inú dígí, odò rẹ̀ yà sí apá ọ̀hún, igi wà ní òsì, ilé ìwé funfun gbọọrọ wà ní ọ̀tún.

Ó tẹ bíréèkì. Ó fa káàdì ìwòsàn yọ nínú àpò rẹ̀, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ dígí, ó wo èyí, ó wo tọ̀hún.

“Ìyá mi, kí ni ó dé?”

“Bàbá, ẹ wo dígí.”

Má-sáré tẹ̀ sí apá ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó wò ó. Ojú rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ lọ sókè fúnra rẹ̀, ó sì tún dígí náà ṣe díẹ̀díẹ̀ bí awakọ̀ ti ń ṣe, títí abúlé náà fi jókòó sí àárín. Dígí náà gùn gbọọrọ, etí rẹ̀ kò ní igun. Má-sáré fi àtàǹpàkò tọ etí náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

“Bàbá,” ni ọmọ rẹ̀ wí jẹ́jẹ́, “níbo gan-an ni ẹ wà nígbà tí ẹ ń rí abúlé yìí?”

“Lórí òkè.”

“Tí ẹ kọjú sí i?”

“Báwo ni n óò ṣe kọjú sí i? Ṣé mo lè máa wakọ̀ kí n kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà ni?” Ó tún wo inú dígí náà. Nígbà tí ó tún sọ̀rọ̀, bí ẹni pé ẹlòmíràn ni ó ń ròyìn rẹ̀ fún un ni. “Bí a bá ti la abúlé kọjá, tí a sọdá afárá, òkè ni. Pẹ̀lú ẹrù, jíà kìn-ín-ní ni. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a fi ń gùn ún. Kò sí ohun tí ó wà níwájú bí kò ṣe sánmà. Nínú dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ni mo ti máa ń wò ó. Nínú dígí ni mo ti ń juwọ́ sí obìnrin náà.”

“Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ ńkọ́?”

“Ọ̀nà tuntun ni a ń gbà padà. N kò tilẹ̀ gba ibẹ̀ bọ̀ rí.”

Nọ́ọ̀sì gbé orí lé sítíárì. Èjìká rẹ̀ ń mì. Káfíńtà, tí ó ti ń juwọ́ ìdágbére fún ọkọ̀ tí kò lọ, sún mọ́ fèrèsé.

“Ṣé ẹ gbàgbé nǹkan ni?”

“Rárá,” ni Má-sáré wí. “N kò gbàgbé nǹkan kan.”

Nígbà tí a ṣàlàyé fún un, káfíńtà kò gbàgbọ́ títí ó fi ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, tí ó mú àwòrán náà, tí ó sì fi ẹsẹ̀ sáré lọ sí ibi tí mẹkáníìkì ń tún ọkọ̀ akẹ́rù kan ṣe ní ìkángun òpópónà. Ó gbé pákó náà lé dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà. Gígùn rẹ̀ bá a mu, ìbú rẹ̀ bá a mu, igun roboto mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì bò ó bí ìdérí ìkòkò. Mẹkáníìkì bi í bóyá orí rẹ̀ pé. “Ọdún mẹ́fà!” ni káfíńtà ń pariwo bọ̀. “Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń gé dígí fún yín, ẹ ń jẹ́ kí n máa pè é ní pákó!”

A kò tíì kó ẹrù wọlé kí Nọ́ọ̀sì tó gbé òfin kalẹ̀. Ó ní dígí ti jẹ́rìí gbe bàbá òun lórí ọ̀rọ̀ abúlé, kò jẹ́rìí gbè é lórí ọ̀rọ̀ ẹyin. Ife tíì yóò ní ìdérí. Bí ìkòkò bá wà lórí iná, bàbá kò gbọdọ̀ jáde, ìkùukùu ìbáà ṣe bí ó ti fẹ́. Ní aago méje àárọ̀ gbogbo, yóò pe òun. Bí ó bá pẹ́ ju aago mẹ́jọ lọ, òun yóò wá.

“Mo gbọ́, Ìyá mi,” ni Má-sáré wí. Ó ti ń wo ibi tí ó fi pépà ìhapákó rẹ̀ sí.

Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó gbé gbogbo pákó rẹ̀ kọjá níwájú dígí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó rí i pé èyí tí ó tó ogójì nínú wọn jẹ́ ọ̀nà tí ó ti kọjá kí ó tó rí i. Kò tún ìkankan yà. Àwọn òdòdó kò ní ìyàtọ̀. Òdòdó kò ní òsì, kò ní ọ̀tún, iwájú rẹ̀ ni ènìyàn sì ń jókòó sí.

Káfíńtà ni ó ronú ibi tí wọn yóò gbé Abúlé Afárá kọ́ nílé ìwòsàn. Kò dá a padà sí àyè rẹ̀ àtijọ́. Ó kàn án mọ́ ògiri tí ó dojú kọ ibi ìfọwọ́, níbi tí dígí fífẹ̀ kan wà lókè ẹ̀rọ omi, ó sì ṣe férémù roboto fún un, àkọ́ṣe rẹ̀. Ẹni tí ó bá wo ògiri yóò rí abúlé náà bí Má-sáré ti rí i. Ẹni tí ó bá ń fọ ọwọ́ yóò rí i bí ẹni tí ó gbé ibẹ̀ ti rí i.

Ìyá Tísà dé ní ọjọ́ tí ó tó gba oògùn. Má-sáré jókòó sí àyè rẹ̀, kò wí nǹkan kan ju pé, “Màámi, ẹ ò ní fọwọ́?” Arúgbó náà wò ó bí ẹni tí a bú, ṣùgbọ́n ó rìn lọ síbẹ̀, ó gbé ọ̀pá tì, ó ṣí omi. Ó gbójú sókè.

Ó fọ ọwọ́. Ó fọ ọwọ́ náà pẹ́. Ọkùnrin kan tò sẹ́yìn rẹ̀, ẹlòmíràn tò sẹ́yìn ọkùnrin náà. “Màámi,” ni ọkùnrin náà wí nígbẹ̀yìn, “ọwọ́ yín ti mọ́.”

“Mo mọ̀,” ni Ìyá Tísà wí, kò sì kúrò níbẹ̀.

Ó pẹ́ kí ó tó pa omi náà. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ ní ìka kọ̀ọ̀kan, ó wá jókòó sí àga tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Má-sáré.

“Ọ̀tún ni,” ni ó wí.

“Ọ̀tún ni, màámi. Láti ọ̀dọ̀ yín.”

“Àgbá ni.”

“Ìyẹn ni n kò tíì gbà.”

Ìyá Tísà gbé ọ̀pá rẹ̀ lé eékún. “Ọdún mọ́kànlá, ẹ ń juwọ́ sí i?”

“Kò sí ọjọ́ tí mo kọjá tí n kò juwọ́.”

Ó yí ojú sí i, bí ẹni tí ń wo iṣẹ́ ọmọ tí ìṣirò rẹ̀ kò tọ̀nà ṣùgbọ́n tí ìdáhùn rẹ̀ tọ́. “Àgbá náà kí yín,” ni ó wí.